Ọmọ Ló Ń Fẹ́ Fẹ́rẹ́ẹ̀tì, Àgbà Ni Yóò Tọ́jú Rẹ̀

Àwa Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba mọ ẹ̀bẹ̀ yìí dáadáa. Ọmọ á ní òun fẹ́ ajá, a ó ní rárá. Á ní ológbò ńkọ́, a ó tún ní rárá. Nígbà tó bá yá, á dárúkọ ẹranko kan tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò gbúròó rẹ̀ rí títí wọ́n fi kúrò ní Nàìjíríà. Nínú ilé tèmi, ní agbègbè Doncaster ní gúúsù Yorkshire, fẹ́rẹ́ẹ̀tì ni ẹranko náà, ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 13 ló sì wá tọrọ rẹ̀. Kò fi ẹkún tọrọ rẹ̀. Ó kọ àwọn ìdí rẹ̀ sínú ìwé, ó sì kà á fún wa lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá rò tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí òbí fi ìbínú tì í dànù. Èmi àti ìyá rẹ̀ bi àwọn tó ń sin fẹ́rẹ́ẹ̀tì léèrè, a ka òfin, a sì wo bí ìgbé ayé àwa fúnra wa ṣe rí.

Ibi tí mo gúnlẹ̀ sí nìyí: kò yẹ kí ilé kankan gba fẹ́rẹ́ẹ̀tì torí pé ọmọdé fẹ́ ẹ. Ó gbọ́dọ̀ ní àgbàlagbà kan nínú ilé náà tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ẹranko náà, tó ní àyè fún un lójoojúmọ́, tó sì lè máa náwó lé e lórí fún ọdún méje tàbí mẹ́jọ. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìdáhùn jẹ́ rárá, kí ẹ sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n júwe ẹranko náà fún ẹni tí kò rí i rí. Ara rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, etí rẹ̀ kéré, ẹnu rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó. Abo rẹ̀ kì í sábà wọn tó kìlógíráàmù kan. Akọ lè wọn kìlógíráàmù kan sí méjì. Òmíràn funfun, ojú rẹ̀ á sì pupa. Òmíràn ní irun búráùn, dúdú á yí ojú rẹ̀ ká. Àwọn ará wa tó bá kọ́kọ́ rí i máa ń pè é ní eku tàbí ọ̀kẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Apẹran ni. Eku àti ehoro ni ìran rẹ̀ ń pa jẹ nínú igbó Yúróòpù. Ó ti lé ní ẹgbàá ọdún tí àwọn ènìyàn ti mú baba ńlá rẹ̀ wá sílé, tí wọ́n sì tù ú lójú. Strabo, ọ̀mọ̀wé ará Gíríìkì tó kọ̀wé nípa àwọn ilẹ̀ ayé ní àkókò Késárì Augustus, ti ròyìn bí àwọn ará Spéènì ṣe ń dì í lẹ́nu, tí wọ́n sì ń rán an wọ inú ihò kó lọ lé ehoro tó ń ba oko wọn jẹ́ jáde.

Iṣẹ́ yẹn náà ló ṣì ń ṣe ní agbègbè wa níhìn-ín. Ilẹ̀ èédú ni gúúsù Yorkshire tẹ́lẹ̀, àwọn awakùsà ibẹ̀ sì sin fẹ́rẹ́ẹ̀tì láti ìran dé ìran, torí ehoro tí wọ́n bá fi pa lọ́jọ́ ìsinmi máa ń di ọbẹ̀ fún ìdílé nígbà náà. Bàbá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ kùsà wà ní òpópónà wa. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọmọ mi ti rí ẹranko yìí. Wọ́n ṣàlàyé ọdẹ náà fún mi: wọ́n á fi àwọ̀n kékeré bo ẹnu gbogbo ihò tí ehoro gbẹ́, wọ́n á sọ fẹ́rẹ́ẹ̀tì sínú ọ̀kan, ehoro tó bá gbọ́ òórùn rẹ̀ á sáré jáde, àwọ̀n á sì mú un. Ọdẹ ni bàbá tó bí mi ní agbègbè Ṣakí, nítorí náà ọ̀rọ̀ wọn yé mi kíá. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì ni ajá ọdẹ ilẹ̀ yìí. Bàbá mi kì í fi ajá wọn ṣeré lásán. Bí ẹran bá kú, ajá ní ìpín tirẹ̀. Bí ẹ̀gún bá gún ajá, bàbá mi á kọ́kọ́ yọ ọ́ kí wọ́n tó wẹ ara wọn. Ohun tí mo rí lọ́dọ̀ bàbá awakùsà yìí nìyẹn náà. Ẹni tó ń sin ẹranko, tó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, kì í fi ìtọ́jú rẹ̀ falẹ̀.

N kò ní bu ẹranko náà kù. Ó wuni. Bí inú rẹ̀ bá dùn, á tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kọrọdọ, á máa fò sọ́tùn-ún, á máa fò sósì, á la ẹnu sílẹ̀, á sì máa dún kẹ́kẹ́ lọ́nà ọ̀fun. Àlejò tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ó fẹ́ jà ni, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ni ẹ̀rín tirẹ̀. Á jí ìbọ̀sẹ̀, á jí kọ́kọ́rọ́, á lọ kó wọn pamọ́ sábẹ́ àga. Ó mọ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ó sì máa ń sùn sínú aṣọ onítọ̀hún. Ọmọ tó bá fẹ́ràn irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ kò ṣe ohun tó burú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ijó tí ọmọ rí nílé aládùúgbò ni ẹ̀fà. Ẹ jẹ́ ká ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àkókò ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, torí òun ni ó wọ́n jù nínú ilé àwa tó wá síhìn-ín. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì máa ń sun oorun wákàtí 14 sí 18 lójúmọ́, òun ni àwọn kan fi ń sọ pé kò ní wàhálà. Wákàtí tó fi lajú gan-an ni iṣẹ́ wà. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ló sábà máa ń tají, bó bá sì ti jí, ó gbọ́dọ̀ jáde nínú àgò fún wákàtí mélòó kan, kó sáré, kó walẹ̀, kó wọ ihò, kí ènìyàn sì wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ wo ilé tèmi. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì máa ń ṣe iṣẹ́ òru. Ìyá ọmọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ṣífìtì tirẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀ kùtùkùtù. Ọmọ á lọ sí ilé ẹ̀kọ́, á dé, á ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìfidánrawò ẹgbẹ́ akọrin. Nínú ilé bẹ́ẹ̀, àgò ni fẹ́rẹ́ẹ̀tì yóò ti lo ayé rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá láti London dé Manchester rí báyìí. A kò wá síbí láti jókòó.

Ó tún wá kù síbì kan: kò dára kí a sin ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹranko tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì máa ń gbani níyànjú pé kí a sin méjì, ó kéré tán. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ fẹ́rẹ́ẹ̀tì, méjì ni kó ṣírò oúnjẹ wọn, méjì ni kó ṣírò abẹ́rẹ́ wọn. Èyí tó bá sì kéré lọ́jọ́ orí máa ń gé ènìyàn jẹ nígbà tí kò tíì kọ́ bí ènìyàn ṣe ń ṣeré. Eyín rẹ̀ mú. Sùúrù àgbàlagbà ló lè kọ́ ọ, tí yóò máa gbé e lójoojúmọ́ láìlù ú, títí yóò fi mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn kì í ṣe ẹran. Ilé tí ìkókó wà, tàbí ọmọ tó ń rá, kò gbọdọ̀ fi ọmọ náà àti fẹ́rẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nínú yàrá kan náà láìsí àgbà níbẹ̀, bó ti wù kí ẹranko náà tutù tó.

Oúnjẹ rẹ̀ kò rí bíi tiwa. Ìfun rẹ̀ kúrú, ohun tó bá jẹ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá láàárín wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ jẹun lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́, ẹran àti ọ̀rá ẹran ni kó sì jẹ́. Kò lè fi ìrẹsì tó ṣẹ́kù ṣe nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi ẹ̀bà, búrẹ́dì tàbí èso gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró. Oúnjẹ ajá kò tọ́ sí i. Bísíkíìtì àti ohun dídùn ń ṣe é ní jàǹbá. Nínú ilé tí a ti máa ń sọ pé "fún un ní èyí tó kù nínú ìkòkò," ìyípadà ńlá nìyẹn.

Òórùn rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá ti gbóòórùn ẹtà nínú igbó rí yóò mọ irú òórùn tí mò ń sọ. Òórùn náà wà nínú ọ̀rá ara rẹ̀, akọ tí a kò tẹ̀ lọ́dàá ló sì ń rùn jù, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ yìí. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, òórùn á dínkù, ṣùgbọ́n kò ní tán. Ẹni tó bá ní òun yóò máa fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ nígbà gbogbo á rí i pé òórùn ń pọ̀ sí i ni, torí ara á tún ṣe ọ̀rá mìíràn láti dípò èyí tí ọṣẹ fọ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n sábà máa ń yọ ẹṣẹ́ tó ń tú òórùn jáde nídìí rẹ̀. Ní Ìlú Ọba, a kò gbọdọ̀ gé ara ẹranko torí kí imú wa lè gbádùn. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí a máa fọ àgò rẹ̀, kí a máa pààrọ̀ aṣọ tó ń sùn lé, kí a sì máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá lójoojúmọ́. Ta ni yóò máa ṣe é lọ́sẹ̀ ìdánwò ọmọ? Ẹ dáhùn ìbéèrè yẹn kí ẹ tó jáde lọ rà á.

Ìlera rẹ̀ ló jẹ́ kí ojú mi là jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ọjọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lẹ́yìn òtútù, ara abo fẹ́rẹ́ẹ̀tì á máa wá akọ. Bí akọ kò bá gùn ún, ara rẹ̀ kò ní sinmi fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀pọ̀ ẹranko. Họ́mòònù náà á máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, á ba mùdùnmúdùn eegun rẹ̀ jẹ́, ẹ̀jẹ̀ á tán lára rẹ̀, á sì kú. Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ: abo tí a kàn fi sínú àgò, tí a ń fún ní oúnjẹ àti omi, lè kú torí pé a kò ṣe nǹkan mìíràn fún un. Ọ̀nà wà láti dènà rẹ̀. Dókítà ẹranko lè gún un ní abẹ́rẹ́ họ́mòònù lọ́dọọdún, ó lè ti oògùn kan bọ abẹ́ awọ rẹ̀, ó sì lè tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń sin akọ tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún tí kò fi lè fún abo lóyún mọ́, torí kó lè máa gùn ún. Ṣùgbọ́n títẹ̀ náà ní ewu tirẹ̀. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì tí a tẹ̀ sábà máa ń ní àìsàn ẹṣẹ́ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíndìnrín, irun rẹ̀ á sì máa já. Bó bá tún ti ń dàgbà, jẹjẹrẹ àti àìsàn tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ fi ń já wálẹ̀ wọ́pọ̀ lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àgbà bá dókítà sọ, kí ó sì fọwọ́ sí, ni gbogbo èyí. Ọmọ ọdún 13 kò lè dá pinnu rẹ̀.

Àrùn ajá kan wà tí wọ́n ń pè ní distemper. Ajá mìíràn lè yè é. Bí fẹ́rẹ́ẹ̀tì bá kó o, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ikú ló kù. Nítorí náà, abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í ṣe ohun tí a lè fò. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gbogbo dókítà ẹranko ló mọwọ́ fẹ́rẹ́ẹ̀tì dáadáa. Ó yẹ kí ẹ ti mọ èyí tó mọ̀ ọ́n ní agbègbè yín, kí ẹ sì ti béèrè iye tó ń gbà, kí ẹranko tó wọlé. Owó tí wọ́n ń ta fẹ́rẹ́ẹ̀tì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ajá tàbí ológbò tó níran, ìyẹn ló sì ń tan òbí jẹ. Iṣẹ́ abẹ ẹyọ kan tí ó bá gbé rọ́bà mì lè gba ìlọ́po ìlọ́po owó tí a fi rà á. Ó sì fẹ́ràn láti jẹ rọ́bà: bàtà, rìmóòtì, ohun ìṣeré ọmọ. Bí rọ́bà bá há sí i nífun, àfi kí wọ́n là á níkùn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó kan àwa òṣìṣẹ́ ìlera gbọ̀ngbọ̀n. Ní 1933, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta ní London, Wilson Smith, Christopher Andrewes àti Patrick Laidlaw, mú omi tí àwọn tó ní fúlúù fi fọ ọ̀fun, wọ́n kán an sí imú fẹ́rẹ́ẹ̀tì, àwọn ẹranko náà sì bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Báyìí ni ayé ṣe mọ kòkòrò tó ń fa fúlúù ènìyàn. Títí di òní, fẹ́rẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń ṣèwádìí fúlúù, torí ọ̀nà tí àrùn náà ń gbà mú wa ló ń gbà mú òun náà. Ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú ilé ni pé bí mo bá kó fúlúù láti ibi iṣẹ́, mo lè kó o ran ẹranko náà, òun náà sì lè sín in padà sí ọmọ mi lójú. Ní ìgbà òtútù, tí wọ́ọ̀dù bá kún fún àwọn tó ń wúkọ́, ta ni kò ní gbé fúlúù wá sílé nínú wa?

Ilé fúnra rẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ihò tí orí fẹ́rẹ́ẹ̀tì bá wọ̀, ara rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Á wọ inú àga tó ń ká tó sì ń nà, ẹni tí kò mọ̀ á jókòó lé e. Á wọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ, á sùn sáàárín aṣọ. Á wọ ẹ̀yìn kábọ́ọ̀dù ilé ìdáná, á gba ibi páìpù jáde sí òde. Bí ẹ bá ń sin ehoro, ẹyẹ tàbí eku funfun tẹ́lẹ̀, ẹ má ronú pé wọn yóò jọ ṣọ̀rẹ́: oúnjẹ ni ó rí wọn sí. Ẹni tó bá sì yá ilé gbé gbọ́dọ̀ bá onílé sọ̀rọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ayálégbé tí ilé aṣòfin fọwọ́ sí ní 2025 sọ pé ayálégbé ní England lè béèrè fún ohun ọ̀sìn, onílé kò sì gbọdọ̀ kọ̀ láìní ìdí tó bọ́gbọ́n mu. Ó dára. Ṣùgbọ́n àṣẹ onílé kò fọ àgò, kò sì san owó dókítà.

Òfin tó yẹ kí òbí kọ́kọ́ kà ni òfin ìtọ́jú ẹranko ti 2006, tí England àti Wales ń lò. Kò gba ìwé àṣẹ kó o tó lè sin fẹ́rẹ́ẹ̀tì níhìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 kò lè rà á. Òfin náà sì là á mọ́lẹ̀ pé bí ẹranko bá jẹ́ ti ọmọ tí kò tíì tó ọdún 16, àgbàlagbà tí ọmọ náà wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ ni ẹranko náà wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ pèsè ibùgbé tó tọ́, oúnjẹ tó tọ́, àyè láti hu ìwà ẹ̀dá rẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá a mu, àti ààbò kúrò lọ́wọ́ ìrora àti àìsàn. Láti 2021, ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi ìwà ìkà sí ẹranko lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Nítorí náà, bí òbí kan bá ní "ọmọ ló ni ín," lójú òfin, ìyẹn kò gbé ojúṣe náà kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn tilẹ̀ ti kọ ẹranko yìí fún ìdí tiwọn. Ní nǹkan bí ọdún 1880 sókè, àwọn aláwọ̀ funfun kó fẹ́rẹ́ẹ̀tì lọ sí New Zealand kó lè pa ehoro tó ń jẹ koríko àgùntàn wọn. Kò dúró lórí ehoro. Ó kọjú sí àwọn ẹyẹ ilẹ̀ náà tí kò lè fò, títí kan kiwi, ó sì ń pa wọ́n títí di òní. Láti 2002, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ tà á tàbí kó mú un bímọ níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, California àti Hawaii kò gbà kí ènìyàn sìn ín nílé. Ìlú New York fòfin dè é ní 1999, nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlera ìlú náà sì tún dìbò lórí rẹ̀ ní 2015, ìbò tó lè mú òfin náà kúrò kò pé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí níbẹ̀, ẹ má ṣe ro pé ohun tí òfin gbà ní Leeds ni yóò gbà ní Brooklyn. Ẹ̀kọ́ New Zealand sì kan gbogbo wa: ẹni tí fẹ́rẹ́ẹ̀tì bá sú kò gbọdọ̀ tú u sílẹ̀ sínú igbó.

Kò sì gbọdọ̀ gbé e lọ sí Nàìjíríà. Mo sọ èyí torí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará wa pé bí ọmọ bá wọ yunifásítì, àwọn á fi ẹranko ránṣẹ́ sí ilé bàbá àgbà. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì kì í làágùn bí ènìyàn. Bí ooru bá ti lé ní nǹkan bí ìwọ̀n 30, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná kọjá ààlà, ó sì lè kú láàárín àkókò díẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún, Ìbàdàn ń kọjá ìwọ̀n yẹn lójoojúmọ́, Ṣakí náà kò sì tutù. Ẹ̀rọ amúlétutù ni yóò máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa mọ bí iná ìjọba ṣe ń ṣe. Ẹ wá fi distemper tó wà láàárín àwọn ajá wa nílé kún un. Iṣẹ́ ikú ni ẹ fẹ́ rán ẹranko náà.

Àwọn kan á dá mi lóhùn pé ohun ọ̀sìn ń kọ́ ọmọ ní ojúṣe. Òtítọ́ ni, bí àgbà bá ń ṣe ojúṣe náà lójú ọmọ. Ọmọ tó rí bàbá tó ń fọ àgò ní aago mẹ́fà ìdájí yóò kọ́ nǹkan. Ọmọ tó rí ẹranko tó gbẹ nínú àgò, tí gbogbo ilé ń gba ibẹ̀ kọjá láìwò ó, yóò kọ́ nǹkan mìíràn, n kò sì fẹ́ kí ọmọ mi kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ láéláé.

Àwọn mìíràn á ní kí ni Yorùbá ń wá nídìí ẹranko inú ilé, pé àṣà òyìnbó ni. Èmi kò gbà. Ológbò wà nínú ilé wa tó ń pa eku. Ajá wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹyẹlé wà lórí òrùlé, a sì ń pa á lówe pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá di ọjọ́ ikú onílé kó yẹrí. Òwe yẹn sọ gbèsè tí ẹyẹlé jẹ onílé. Gbèsè tí onílé jẹ ẹyẹlé ni mo ń tọ́ka sí. A kò gbọdọ̀ bá ẹranko ṣeré lọ́jọ́ tó ń jó, ká wá yẹrí lọ́jọ́ tí irun rẹ̀ ń já. Àṣà wa gba ẹranko láàyè nínú ilé. Ìyà ni kò gbà kí a fi jẹ wọ́n.

Ìdáhùn tí a fún ọmọ wa ni rárá, a sì sọ ìdí rẹ̀ fún un: kò sí àgbà kankan nínú ilé wa tó wà nílé nígbà tí ẹranko yìí bá lajú. Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó yé e. Bàbá awakùsà gbà kó máa wá ní ọjọ́ Sátidé láti bá wọn fọ àgò, kó bọ́ àwọn ẹranko wọn, kó sì bá wọn ṣeré. Ó ń lọ, yálà òjò ń rọ̀ tàbí kò rọ̀. Ẹ̀kọ́ ojúṣe tí àwọn ènìyàn ń sọ, ibẹ̀ ló ti ń rí i, lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí iṣẹ́ òru mi bá dópin, tí ìfẹ́ rẹ̀ kò sì tíì tutù, a ó tún ọ̀rọ̀ náà gbé kalẹ̀. Èmi fúnra mi ni yóò sì fọwọ́ sí ìwé pé èmi ni olówó ẹranko náà.

Ẹ̀yin òbí tó wà lẹ́nu ìpinnu yìí, ẹ má fi ẹranko ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí, ẹ má sì rà á torí kí ọmọ lè dákẹ́. Ẹ lọ sí ilé ẹni tó ń sìn ín, kí ẹ sì jókòó níbẹ̀ títí imú yín yóò fi mọ òórùn rẹ̀. Ẹ gbé e lọ́wọ́. Ẹ bi dókítà ẹranko ní iye owó. Ẹ gbé ṣífìtì gbogbo àgbà inú ilé sórí tábìlì, kí ẹ wo ẹni tí yóò wà níbẹ̀ ní ìdájí àti ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá rí ẹni náà, tó sì fẹ́ ẹ tọkàntọkàn, ẹ má lọ sí ọjà. Ẹ kàn sí RSPCA, àjọ tó ń dáàbò bo ẹranko, tàbí àwọn ilé ìgbàlà ẹranko tó wà ní agbègbè yín. Wọ́n ní àwọn fẹ́rẹ́ẹ̀tì tó ti dàgbà, tí wọ́n ti tẹ̀, tí ọwọ́ ènìyàn sì ti mọ́ wọn lára. Ẹ gba méjì níbẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ẹni náà, ẹ sọ òtítọ́ fún ọmọ yín. Ọmọ tó gbọ́ rárá lónìí lè sin fẹ́rẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ nígbà tó bá dàgbà. Ẹranko tí a gbà sílé láìní ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ kò ní ayé mìíràn tí yóò lò.